Bàbá Tẹ́sítà, Ẹni Tó Ń Bi Gbogbo Ẹ̀rọ Léèrè Adùnọlá

Yéè, Bàbá Tẹ́sítà! Ó dìgbà kan ná o. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà yìí, wáyà ò dé ibẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀, ìpè wa ò sì lè wọlé. Ọ̀sán gangan lẹ lọ, ẹ ò tíì mu gàrí tẹ́ ẹ rẹ.

Èmi Kọ́lá ni mò ń sọ̀rọ̀. Kọ́lá Kíákíá, tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Okokomáíkò, èmi tí mò ń tajà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dán an wò. Ẹni tó bá mọ̀ mí láti Ìyànà Ìbà títí dé Àjàǹgbàdì mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Mo ti ta jẹnẹrétọ̀ fún ẹni tó wá ra fáànù, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí agbègbè tí wọ́n ti lè fi ẹnu borí mi.

Ṣùgbọ́n lónìí, ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé nígbà tí Àǹtí Adùnọlá, ọmọ yín, ní kí n wá sọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì. Mo ní àwọn tó mọ̀wé pọ̀ nílé. Wọ́n ní rárá, èmi gan-an ni. Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì tí mo dé, tíṣà ibẹ̀ pàápàá ti gbàgbé mi. Torí náà, èmi ni mò ń sọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù wọn. Bí mo bá ti dákẹ́, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wò mí. Bàbá, ojú yín ni wọ́n gbé kọ́rùn, kò sí ibi tí mo lè sá sí.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sin Bàbá lẹ ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Àwọn kan ti fi rẹ́rìn-ín ní gáréèjì. Èmi ni mo fún Bàbá lórúkọ tí kì í ṣe tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n kú. Èmi ni mo lẹ póósítà òkú kiri, tó jẹ́ pé orúkọ alààyè ló wà lára ẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù ká sin wọ́n bí ẹni tí kò bímọ, nígbà tí ọmọ wọn wà ní Ìjaníkin níbẹ̀ yẹn, tí kò jìnnà rárá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, Bàbá mi, torí àwọn ará Ìjaníkin tó ń bọ̀ lónìí ò mọ iṣẹ́ yín. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀kísítéṣọ̀n. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wo fíìmù. Yúníìsì ni ètò tó ń darí inú ẹ̀, kì í ṣe Wíńdò tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ẹnjiníà, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àwọn tó ń ya àwòrán afárá, àwọn ló ń lò ó. Tòkunbọ̀ ló ń dé bá wa, nínú kọ̀ǹténà, pẹ̀lú eruku ìlú òyìnbó lára ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ẹnu fẹ́ eruku yẹn, tẹ́ ẹ so áńkáṣífù mọ́ imú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi sùúrù tú u, tẹ́ ẹ̀ ń fi sùúrù tò ó padà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa tí ṣọ́ọ̀kì yín ò kọ́kọ́ kàn. Ìlà kan gbọọrọ, ó yege. Àgbélébùú, ó padà sẹ́yìn.

Ẹlòmíì á tan ẹ̀rọ, bí iná bá ti ṣẹ́jú, tí fáànù inú ẹ̀ ń kùn, á ti máa pariwo: "Ó ń ṣiṣẹ́!" Ẹ̀yin á ní: "Ó jí ni. Ṣé gbogbo ẹni tó bá jí náà ló gbọ́n?" Ẹ̀rọ tó bá ń dá gbé, ẹ ní kò yàtọ̀ sí àpótí. Ohun tẹ́ ẹ máa ń wò ni bó ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ á so wáyà mọ́ ọn, ẹ á jókòó sórí àga yín tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, ẹ á kí i bí ẹni kí èèyàn: "Àgò o, onílé." Èmi á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yin ò dá mi lóhùn rí.

Ẹ kọ́kọ́ máa ń ní kó kanlẹ̀kùn ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá òun àti aládùúgbò ń gbọ́ra. Ìyẹn rọrùn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni orúkọ. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí mò ń jẹ àgbàdo, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Ẹ ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, bí ilé ṣe ní nọ́ńbà lójú títì. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í rántí nọ́ńbà, orúkọ là ń rántí. Torí náà, ẹ̀rọ kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ orúkọ gbogbo ará ilé. Sáfà orúkọ lẹ̀ ń pè é. Bí ẹ̀rọ kan bá ń wá ẹ̀rọ kejì, ọ̀dọ̀ sáfà ló máa lọ: "Níbo ni lágbájá ń gbé?" Sáfà á ní: "Ilé báyìí báyìí." Bí sáfà yẹn ò bá mọ̀ ọ́n, kò ní purọ́. Á lọ bi sáfà mìíì, ìyẹn náà á darí ẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí wọ́n á fi kan ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ní: "Kọ́lá, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí èèyàn tí ẹnì kan ò mọ̀."

Mo ní: "Bàbá, èmi mọ gbogbo èèyàn ní Okoko yìí."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní: "Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀."

Ẹ tún ní ìdánwò kan. Ẹ á fa wáyà sáfà àkọ́kọ́ yọ, bí ẹni pé iná ti lọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ á wá máa wò ó bóyá ẹ̀rọ á ronú lọ sọ́dọ̀ sáfà kejì, àbí á kàn jókòó síbẹ̀ kó máa wò bọ̀ọ̀ bí ọkọ tí ìyàwó ẹ̀ rìnrìn àjò tí ò dáná sílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń jọ ẹ̀fẹ̀ lójú mi. Ẹ á bi ẹ̀rọ léèrè orúkọ tí kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa rárá. Orúkọ kan náà ni, lójoojúmọ́: Adùnọlá. Níbo ni Adùnọlá wà? Ẹ á tẹ̀ ẹ́, ẹ á káwọ́ lẹ́rán, ẹ á máa wojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó dáa á bi sáfà, á padà wá, á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ á mí kanlẹ̀, ẹ á fa ìlà ṣọ́ọ̀kì yín. Èmi rò pé eruku ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá ra ẹ̀rọ. Mo ti fẹnu tà á tán kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn léèrè Adùnọlá. Ẹ̀rọ náà ò bi ẹnikẹ́ni, wàrà ló ti gbé nọ́ńbà jáde. Oníbàárà pàtẹ́wọ́: "Èyí yára o! Èyí ni mo fẹ́." Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin fa àgbélébùú sí i lára.

Mo bínú. Mo ní: "Bàbá, kí ló tún dé? Ó dáhùn kẹ̀!"

Ẹ ní: "Ó dáhùn ohun tí kò mọ̀."

Ẹ ṣí inú ẹ̀ hàn wá. Orúkọ àtijọ́ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n jọ gbé nílùú òyìnbó kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tún ti ṣètò ẹ̀ pé ohun tí kò bá mọ̀, kó ṣáà mú nọ́ńbà kan jáde. Ẹ ní: "Ara ẹ̀ ló ń bi, kì í bi ẹlòmíì. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ́fíìsì, á máa fi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ, kò sì sẹ́ni tó máa fura, torí kò ní sọ láé pé òun ò mọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ní òun ò mọ̀, ó ṣeé fọkàn tán. Èyí tó ń parọ́ wàràwàrà, ẹ má tà á fún ọ̀tá yín pàápàá." Ẹ wá yíjú sí mi: "Kíákíá, wò ó dáadáa. Ìwọ nìyẹn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Emeka tó ń ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò mọ tiyín. Bàbá Tẹ́sítà, ó tán. Bá a ṣe ń ṣe lágbègbè wa nìyẹn, iṣẹ́ ẹni lorúkọ ẹni. Fóònù yín, onítọ́ọ̀ṣì, kò sí orúkọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ló wà lórí yín. Mo ní kí n bá yín fi orúkọ sí i, ẹ ní: "Orí mi ni sáfà mi." Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé ilé yín dà, ẹ ní: "Ó jìnnà." Mi ò bèèrè mọ́. Èmi tí mò ń bi oníbàárà léèrè àlàáfíà ìyá ìyàwó ẹ̀ kí n lè ráyè tajà fún un, mi ò bi ẹni tá a jọ ń jókòó láàárọ̀ àti lálẹ́ pé kí lorúkọ wọn. Ẹ gbà mí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, ẹ ti rẹ gàrí sílẹ̀, ẹ ní kó wú díẹ̀. Ẹ ń dán ẹ̀rọ kan wò. Ẹ ti tẹ orúkọ yẹn, ẹ káwọ́ lẹ́rán. Ẹ ní: "Kọ́lá, bá mi bu omi." Kí n tó gbé omi dé, orí yín ti wà lórí tábìlì. Èmi àti Ọ̀gá Emeka gbé yín wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọsibítù ló yá. Dókítà ní ẹ ti lọ ká tó dé.

Nọ́ọ̀sì yọ bírò. Ó ní: "Kí lorúkọ Bàbá?"

Ọ̀gá Emeka ti ń la ẹnu láti sọ pé a ò mọ̀. Mo ti ṣáájú ẹ̀. Mi ò lè dúró níwájú obìnrin yẹn, èmi Kọ́lá, kí n ní mi ò mọ orúkọ ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pátákó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù wa, ti ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù yẹn kó tó kàn wá, tá ò yọ kúrò: Josiah A. Ṣódípẹ̀ àti Àwọn Ọmọ. Mo ní: "Ṣódípẹ̀. Josiah Ṣódípẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní: "Ìlú?"

Mo ní: "Ìjẹ̀bú-Òde."

Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ní Ìjẹ̀bú? Gàrí Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ máa ń mu! Bó bá jẹ́ pé tíì lẹ fẹ́ràn, ǹ bá ní òyìnbó ni yín. Mo sọ ọ́ wàràwàrà, ohùn mi ò gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó fura.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Mo tẹ póósítà tó ń dán gbinrin. Fọ́tò yín tí mo yà lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ ń fẹ́ eruku, tẹ́ ẹ ti tú áńkáṣífù sílẹ̀, tí ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu yín. Lábẹ́ ẹ̀: Ìpapòdà Alàgbà Josiah Ṣódípẹ̀, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo lẹ̀ ẹ́ ní Ìyànà Ìbà. Mo lẹ̀ ẹ́ lọ́nà Navy Town. Mo lẹ̀ ẹ́ dé Àjàǹgbàdì. Mo tún ń yangàn kiri: "Ta ló lè ṣe bàbá ẹ̀ báyìí?" A rán èèyàn lọ sí Ìjẹ̀bú, àwọn Ṣódípẹ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹbí burúkú ni wọ́n, wọ́n ti kọ bàbá sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Irọ́ kan ò tó mi, mo tún fi ba ìdílé onídìílé lórúkọ jẹ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, a ní ká sin yín sápá ibi tí wọ́n ń sin àwọn tí kò lẹ́bí. A tiẹ̀ ti mú ọjọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀, póósítà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní: "Ta ni Kọ́lá nínú yín?"

Mo rò pé oníbàárà ni. Mo ní: "Èmi nìyí o, bàbá mi. Kí lẹ fẹ́ gbé?"

Wọ́n ní: "Òkú mi ni mo wá gbé."

Ọ̀gá Emeka pariwo "Jísọ́ọ̀sì!", ó sá wọ ìdí wáyà ẹ̀. Bàbá Ṣódípẹ̀ gan-an ni, ẹni tó ni pátákó. Ẹnì kan ló ka orúkọ lójú ọ̀nà, ló bá pe ìyàwó wọn láti kí i kú ọ̀fọ̀. Ìyàwó ti ju ara ẹ̀ sílẹ̀, ó ti sunkún títí, kó tó rántí pé ọkọ òun ló ń gé koríko lẹ́yìnkùlé. Wọ́n wo fọ́tò yín. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní: "Ọkùnrin yìí ń kọ́? Òun ò lórúkọ tiẹ̀ ni?"

Mo gbójú sókè wo pátákó wọn.

Wọ́n ní: "Bó ò bá mọ̀, ṣé wọ́n rán ẹnu ẹ pọ̀ tó ò lè bèèrè ni? O fẹ́ sin ín sábẹ́ orúkọ mi. Bí ọmọ ẹ̀ bá ń wá a bọ̀ lọ́la, níbo ló ti fẹ́ rí i?" Wọ́n gba àkàbà lọ́wọ́ wa, wọ́n yọ pátákó wọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n lọ.

Ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbá mi lójú. Mo wo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yín. Bàbá, ẹ̀ bá ti bi ẹ̀rọ léèrè Túndé, ẹ̀ bá ti bi í léèrè Bísí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pààrọ̀ orúkọ yẹn rí?

Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí mi ò sọ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá Emeka, mo ní: "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ orúkọ Bàbá. Ṣé ẹ mọ ẹni tó lè mọ̀ ọ́n?"

Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. Ó ní: "Kíákíá, ìwọ? Abẹ́gì, tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní òun náà ò mọ̀, àmọ́ kí n lọ bi Ìyá Búrẹ́dì níwájú, torí àwọn ni Bàbá máa ń bá tàkúrọ̀sọ láàárọ̀.

Ìyá Búrẹ́dì ní àwọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Bàbá máa ń ra búrẹ́dì lọ fún àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìbà. Mo dé Ìbà, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì ò sí nílé. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, ǹ bá jókòó síbẹ̀, kí n máa bínú, kí n padà sílé. Mo rántí wáyà sáfà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ń fà yọ. Mo ní kí n má ṣe bí ẹ̀rọ òmùgọ̀. Mo lọ bá ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní: "Bàbá tó máa ń jókòó sẹ́yìn? Orúkọ wọn ni mi ò mọ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tan àbẹ́là fún ọmọ wọn obìnrin, Adùnọlá. Wọ́n ní aránṣọ ni. Wọ́n gbọ́ pé ó wà lójú ọ̀nà Badagry yìí, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá gbé apá ibí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí i. Lọ bi àwọn ará ìjọ wa ní Ìjaníkin."

Adùnọlá! Ní Ìjaníkin, ẹnì kan darí mi sí ẹlòmíì, ẹlòmíì darí mi sí obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ìyẹn ló nawọ́ síwájú: "Àǹtí Adùnọlá? Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn ni." Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe wí ló rí. Gbogbo ẹni tí mo bá lójú ọ̀nà yẹn ló ní àwọn ò mọ̀, kò sí ọ̀kan tó purọ́ fún mi, gbogbo wọn ló sì darí mi. Èmi tí mo mọ gbogbo èèyàn, èmi nìkan ló ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Mo fi póósítà han Àǹtí Adùnọlá. Wọn ò pariwo. Wọ́n rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Wọ́n ní: "Mo ti rí i. Ní Ìyànà Ìbà. Mo dúró níwájú ẹ̀, kọ́ńdọ́ ń pè mí, mi ò dáhùn. Mo ní ojú yìí, ojú bàbá mi ni. Ni mo bá ka orúkọ. Mo ní rárá o, bàbá mi kì í ṣe Ṣódípẹ̀, bàbá mi kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wọ ọkọ̀."

Bàbá, wọ́n ti gbá mi létí láàárín ọjà rí, mo sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lé mi nílé lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo fi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" yẹn, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí. Ojú yín ti pè wọ́n. Wọ́n ti dúró. Orúkọ tí mo fi sábẹ́ ojú yín ló ní kí wọ́n máa lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní: "Báwo lo ṣe mọ orúkọ mi?"

Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀rọ tó kọjá lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ò bi léèrè wọn. Wọ́n ní: "Kí làwọn ẹ̀rọ náà máa ń sọ?"

Mo ní: "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ yín, mà. Ìyẹn ni Bàbá fi ń mọ̀ pé wọ́n dáa."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sunkún. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n ní kí n fi ibí yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Ohun tó pín bàbá àti ọmọ níyà látijọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo mọ̀ díẹ̀ báyìí, mi ò ní tú u síta. Ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ tó. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo mú ọbẹ, mo ha póósítà wọ̀nyẹn kúrò lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Àjàǹgbàdì padà sí Ìyànà Ìbà, lójú ọ̀sán gangan. Àwọn ọlọ́kadà ń kí mi: "Kíákíá, ṣé Bàbá ti jí ni?" Mò ń ha tèmi lọ. Níbi tí mo ti ha èyí tí Àǹtí Adùnọlá dúró níwájú ẹ̀, ìwé ya, ojú yín kù sára ògiri, orúkọ yẹn ló bọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Ṣódípẹ̀ náà ti ní àwọn ń bọ̀ níbi ìsìnkú, káwọn lè fojú ara àwọn rí i pé kì í ṣe àwọn là ń sin.

Lọ́sẹ̀ yìí, Àǹtí Adùnọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí àga yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kúrú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń dán wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ ṣì wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi mí bóyá a lè fi orúkọ àwọn sínú sáfà yín. Mo ní: "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ẹ rí i, mo ti ń kọ́ ọ. Onítọ̀hún wá, ó so kọ̀ǹpútà kékeré tí ọmọ Àǹtí fi ń kàwé mọ́ wáyà wa, ó sọ ọ́ ní Adùnọlá, ó fi nọ́ńbà ẹ̀ sínú sáfà. Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìbéèrè yín: níbo ni Adùnọlá wà? Ẹ̀rọ bi sáfà. Ó padà wá. Ó ní ó wà. Ó kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn dáhùn.

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì yín, wọ́n fa ìlà sí i lára.

Torí náà, Bàbá, a ò lè fi orúkọ yẹn dán ẹ̀rọ wò mọ́, torí a ti rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Òmíì la ó máa lò báyìí: Josiah Ṣódípẹ̀ tó kú ní Okoko. Kò sí irú ẹ̀ láyé, kò sí lọ́run, èmi ni mo ṣe é lẹ́nu ara mi. Ẹ̀rọ tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, èmi fúnra mi ni màá fa àgbélébùú sí i lára, ojú á sì máa tì mí nítorí ẹ̀.

Ó dàárọ̀ o, Gàbríẹ́lì Ọmọ́níyì Adéwùmí, ọmọ bíbí Ọ̀kà Àkókó, bàbá Adùnọlá, ọ̀gá àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wò. Mo bèèrè kí n tó sọ ọ́. Sùn re o.